Ẹni Tó Wà Lẹ́yìn Dùùrù

Ọjọ́ kẹta, oṣù kẹfà

Nọ́ọ̀sì, ọmọ mi,

Mo kí ọ bí ẹlẹ́wọ̀n ṣe ń kí adájọ́ tó rán an lẹ́wọ̀n. Ṣé ara le lọ́hùn-ún? Ṣé àwọn aláìsàn rẹ ń jẹ́ kí o sùn? Èmi náà wà láàyè. Òtútù ibí yìí ló fẹ́ gba ìyẹn lọ́wọ́ mi.

Kí o má baà rò pé mo ti kọ́ ìwé kíkọ láàárín ọjọ́ mẹ́ta, èmi kọ́ ni mò ń kọ èyí. Akọ̀wé Kóòtù ló ń kọ ọ́. Òun ni wọ́n fi sí yàrá kan náà pẹ̀lú mi. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ló fi kọ̀wé ní kóòtù kó tó fẹ̀yìn tì, ìyàwó tirẹ̀ náà ti kú. Ó ní gbogbo ohun tí ẹnu mi bá sọ lòun máa kọ, nítorí pé a kì í dá ọ̀rọ̀ padà sí ẹlẹ́rìí lẹ́nu. Mo ní kó má kọ ọ́ pé ó ń hanrun bí ẹ̀rọ ìlọta. Ó ti kọ ọ́.

Ilé ìtura ni wọ́n ń pe ibí. Orí òkè ni, ìkùukùu máa ń wọ yàrá oúnjẹ bí ẹni tí wọ́n pè. Ọgbọ̀n la jẹ́, gbogbo wa ni ọkọ tàbí aya ti kú mọ́ lọ́wọ́, wọ́n sì ní orin ló máa wò wá sàn. Wọ́n gba fóònù gbogbo wa lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ ọmọdé. Ẹni tó bá fẹ́ bá ará ilé rẹ̀ sọ̀rọ̀, kó kọ lẹ́tà. Ọ́fíìsì á fi kọ̀ǹpútà ránṣẹ́ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Ẹtì, wọ́n á sì tẹ èsì jáde fún un.

Àdéhùn wa ńkọ́? Mo fẹ́ kó wà ní kíkọ. Bí mo bá lo ọ̀sẹ̀ mẹ́rin pé níbí láì sá, o ò tún ní dá a lábàá láé pé kí n ti ilé mi pa, kí n wá máa bá ọ gbé lókè òkun. Bí mo bá sá, mo di ẹrù rẹ, ibi tó bá wù ọ́ ni kí o gbé mi sí. Akọ̀wé ti fa ìlà sí i nídìí.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan. Ìwọ lo kọ ọ̀rọ̀ sínú fọ́ọ̀mù mi. Kí lo kọ síbi tí wọ́n ti béèrè ohun èlò orin tí mo mọ̀? Obìnrin tó jẹ́ ọ̀gá ibí dì mọ́ mi lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Bàbá Onídùùrù, ọjọ́ ti pẹ́ tí a ti ń retí yín." Èmi tí mi ò mọ dùùrù tẹ̀. Dáhùn èyí kó tó di pé ìtìjú pa mí.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ karùn-ún, oṣù kẹfà

Bàbá mi,

Ẹ kú òtútù, ẹ sì kú àìsùn. Bàbá Akọ̀wé, mo mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ ń ka èyí sókè fún wọn. Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fo ibì kankan.

Bàbá, mi ò purọ́ nínú fọ́ọ̀mù. Wọ́n béèrè ohun èlò, mo kọ dùùrù. Wọ́n béèrè iye ọdún, mo kọ mọ́kànlélógójì. Wọn ò fi àyè sílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ ṣàlàyé pé Màmá ló ń jókòó níwájú dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ń tẹ̀ ẹ́, tí ẹ̀yin sì ń dúró lẹ́yìn rẹ̀ tí ẹ̀ ń fi ọwọ́ tẹ ẹwìrì rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè wà nínú rẹ̀. Ìdí dùùrù náà ṣáà lẹ wà. Bí mo bá kọ káfíńtà, ṣé wọn ì bá gbà yín?

Ẹ wọ súwẹ́tà aláwọ̀ eérú tó wà nísàlẹ̀ àpótí. Ẹ lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru láràárọ̀. Kì í ṣe ìgbà tí orí bá ń fọ́ yín nìkan.

Mo fẹ́ sọ ọ̀kan tó ń dùn mí. Ó ti pé ọdún méjì tí Màmá ti lọ. Ní gbogbo ìgbà tí mo bá pè yín, ẹ̀ ń sọ̀rọ̀ òrùlé, ẹ̀ ń sọ̀rọ̀ pé pákó ti wọ́n. Mi ò tíì gbọ́ ẹkún yín lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ibi iṣẹ́ wa, a mọ ohun tí ìbànújẹ́ tí kò jáde máa ń ṣe sí àgbàlagbà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ràn yín lọ́wọ́ níbẹ̀. Ẹ má bá wọn jà.

Mo rántí àdéhùn wa.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹfà, oṣù kẹfà

Nọ́ọ̀sì,

Mo dúpẹ́ pé ara rẹ yá tó láti máa bá mi wí. Súwẹ́tà wà lọ́rùn mi, oògùn wà nínú mi.

Fọ́ọ̀mù rẹ ti bímọ. Lánàá, Ọ̀gá Orin, obìnrin ọ̀hún nìyẹn, ní kí n wá jókòó sídìí dùùrù kékeré tó wà ní gbọ̀ngàn, kí n fi ohun tó wà lọ́kàn mi hàn. Gbogbo wọn jókòó yí mi ká, wọ́n ti mú áńkáṣíìfù lọ́wọ́. Mo wo eyín dùùrù, funfun àti dúdú. Mo ní, "Ìyá, mi ò mọ ibí. Ẹ̀yìn ni mo mọ̀." Obìnrin náà di ojú. Ó ní, "Ẹ tún un sọ." Mo tún un sọ. Ó dìde, ó kọ ọ́ gàdàgbà sójú pátákó: Ẹ̀yìn ni mo mọ̀. Ó ní kí gbogbo wa lọ ronú lé e lórí. Obìnrin kan tó ń ṣe búrẹ́dì tà, Ìyá Oníbúrẹ́dì ni wọ́n ń pè é, bú sẹ́kún.

Mo ní kò yé wọn, pé káfíńtà ni mí, pé ìyàwó mi ló ń tẹ̀ ẹ́, èmi kàn ń fún un ní afẹ́fẹ́ ni. Ó kọ ìyẹn náà. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n lọ tọ̀. Ó gbé ṣọ́ọ̀kì sókè, ó rò ó wò, ó tún gbé e sọ̀kalẹ̀.

Ọjọ́ kan náà ni mo rí dùùrù gidi. Kọ̀rọ̀ yàrá oúnjẹ ló wà, irú tiwa tó ní ọwọ́ igi lẹ́yìn. Wọ́n to ìkòkò òdòdó mẹ́fà lé e lórí. Alásè ní ogún ọdún rèé tí òun ti bá a níbẹ̀, kì í dún, òkú ni. Mo yọ pákó ẹ̀yìn rẹ̀. Eku ti jẹ awọ ẹwìrì, igi rẹ̀ le koko, kòkòrò ò dé ibẹ̀. Kò kú. Afẹ́fẹ́ ni kò rí, wọ́n sì ti lọ to òdòdó lé e lórí.

Mi ò mú irinṣẹ́ kankan wá, nítorí o ní ìsinmi ni. Mo ti yá ọ̀bẹ alásè.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹfà

Bàbá mi,

Ẹ kú ìgbádùn, bí ẹ bá gbà pé ẹ wà nínú rẹ̀.

Ẹ dá ọ̀bẹ padà fún alásè. Mo bẹ̀ yín. Ìsinmi ni mo ní kí ẹ lọ gbà. Mi ò ní kí ẹ lọ gba iṣẹ́ ṣe. Ọdún méjì gbáko lẹ ti fi ń kan àga tí ẹnikẹ́ni ò rán yín, kí ẹ má baà jókòó sílẹ̀ kí ẹ ronú. Òkè lẹ wà yìí, ẹ tún ti rí nǹkan tó bàjẹ́.

Ọ̀gá Orin kọ ìwé sí mi. Ó ní nínú gbogbo wọn, ẹ̀yin lọ̀rọ̀ yín jinlẹ̀ jù, pé ẹ máa ń fi gbólóhùn kan tú ìbànújẹ́ palẹ̀ kẹ́ ẹ tó dákẹ́. Bàbá, ṣé ẹ̀yin ni wọ́n ń sọ, àbí wọ́n ṣi ẹni mú?

Agbẹjọ́rò ti parí ìwé ìrìnnà yín. Ó ku kí ẹ fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. Mi ò dábàá nǹkan kan. Mo kàn ń sọ pé ó ti ṣetán ni.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù kẹfà

Nọ́ọ̀sì,

Kí ọ̀rọ̀ ìwé ìrìnnà má tún yọ orí nínú lẹ́tà rẹ mọ́. Lẹ́yìn èyí, mo kí ọ.

Dùùrù ti ń mí. Ara báàgì Akọ̀wé la ti rí awọ, èyí tó fi ń gbé fáìlì lọ sí kóòtù. Ó kọ́kọ́ kọ̀, ó ní ẹ̀rí ni báàgì náà. Mo bi í, "Ẹ̀rí kí ni?" Ó ronú títí, ló bá gbé sísọ́ọ̀sì, ó gé e fúnra rẹ̀. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì bá mi ra gúlù nísàlẹ̀. Mo so ṣíbí kan mọ́ okùn lẹ́yìn dùùrù láti máa fi mọ ìwọ̀n: bí ṣíbí bá ń gòkè, afẹ́fẹ́ ń tán, kí ọwọ́ má sinmi.

Ìyá Oníbúrẹ́dì nìkan ló mọ dùùrù bẹ́ẹ̀ tẹ̀ níbí. Orin mẹ́ta péré ni Ìyá Oníbúrẹ́dì mọ̀, ó sì ń tẹ̀ wọ́n bí ẹni ń po ìyẹ̀fun. Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, Ìyá Oníbúrẹ́dì á wà níwájú, èmi á wà lẹ́yìn, a ó máa ṣe é títí wọ́n á fi lé wa jáde kí wọ́n lè tẹ́ tábìlì. Orin kejì ń gba èémí púpọ̀. Ìyá rẹ kì í bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀ láì kọ́kọ́ wúkọ́, kí n lè mọ̀ pé kí n mú apá le. Mo ní kí Ìyá Oníbúrẹ́dì máa wúkọ́. Ìyá Oníbúrẹ́dì ní òun ò ní ikọ́. Mo ní kó lọ yá a.

Apá ń ro mí. Mo ń sùn.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹfà

Bàbá mi,

Mo ka lẹ́tà yín, mo sì ka nǹkan mìíràn nínú rẹ̀. Ẹ dárúkọ Ìyá Oníbúrẹ́dì nígbà márùn-ún. Ẹ dárúkọ Màmá lẹ́ẹ̀kan, ìyẹn náà sì jẹ́ láti fi kọ́ obìnrin mìíràn bí wọ́n ṣe ń wúkọ́.

Ọmọ ọdún mélòó ni? Ta lọ́mọ rẹ̀? Ṣé ó mọ̀ pé ẹ nílé?

Mo ní kẹ́ ẹ lọ sunkún ìyàwó yín ni, Bàbá. Bàbá Akọ̀wé, ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ òṣìṣẹ́ òfin, ẹ kọ òótọ́ sí mi.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kẹfà

Nọ́ọ̀sì,

Mo kí ọ pẹ̀lú sùúrù, èyí tí mi ò ní lọ́pọ̀.

Ó lé ní àádọ́rin ọdún. Etí rẹ̀ kan ti di, orúnkún rẹ̀ méjèèjì ò gbọ́ràn. Ẹni tó ń gbé omi fún un, tó ń tún ìrọ̀rí sí i lẹ́yìn, tó ń sọ fún un pé orin rẹ̀ dùn nígbà tí kò dùn, Akọ̀wé ni. Ó fẹ́ fi bírò pa ìlà yìí rẹ́. Ó ní kí n yọ ọ́. Mo ní a kì í dá ọ̀rọ̀ padà sí ẹlẹ́rìí lẹ́nu.

A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ìwọ lo fi mí síbí, ìwọ lo tún ń bínú pé mo wà níbẹ̀. Bí mo bá jókòó, o ní ìbànújẹ́ fẹ́ pa mí. Bí mo bá dìde, o ní mo ti gbàgbé.

Wọ́n ti fi dùùrù sínú ètò ìkẹyìn ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì tí a ó fi parí. Ọ̀gá Orin ní kí n dúró síbi tí àwọn èèyàn á ti rí mi. Mo ní bí èmi bá wà níbi tí wọ́n ti ń rí mi, ta ló máa wá tẹ ẹwìrì? Ìwọ náà ti mọ ohun tó ṣe. Ó gbé ṣọ́ọ̀kì.

Fèsì kíá.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù kẹfà

Nọ́ọ̀sì,

Ọjọ́ Ẹtì tó kọjá, mo lọ sí ọ́fíìsì, wọ́n ní kò sí nǹkan fún mi. Lónìí Ìṣẹ́gun, mo tún lọ, kò sí. Obìnrin ọ́fíìsì ti ń rẹ́rìn-ín sí mi bí ẹni ń rẹ́rìn-ín sí aláìsàn.

Bí o bá ń bínú, bínú sórí ìwé. Ìyá rẹ, bó bá ń bínú sí mi, orin tó gùn jù nínú ìwé ló máa tẹ̀, ẹsẹ ìkíní dé ìkẹyìn, kí apá lè máa ro mí lẹ́yìn. Ìyẹn yé mi. Dídákẹ́ ni kò yé mi.

Mo ní kí wọ́n bá mi pe ilé ìwòsàn rẹ. Wọ́n ní o ti gba ìsinmi. Ìsinmi kí ni? Ta lo wí fún? Ṣé ara ń ṣe ọ́ ni? Akọ̀wé ní kí n má tíì máa ro ibi. Mo ní èmi ti mọ bí ibi ṣe máa ń wọlé, kì í kan ilẹ̀kùn.

Ọ̀rọ̀ kan péré ti tó. Kọ ọ́.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ karùndínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹfà

Bàbá mi,

Ẹ má bẹ̀rù. Ara mi yá. Inú pálọ̀ yín ni mo ti ń kọ èyí, awakọ̀ bọ́ọ̀sì yín ló sì máa gbé e wá.

Láti Sátidé ni mo ti dé. Ọwọ́ télọ̀ iwájú ilé ni mo ti gba kọ́kọ́rọ́. Mo fẹ́ jẹ́wọ́, Bàbá Akọ̀wé ì báà kà á sókè. Lẹ́yìn lẹ́tà Ìyá Oníbúrẹ́dì yẹn, mo rò pé bí mo bá pẹ́, ẹ máa bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Mo wá láti kó ẹrù yín kí ẹ tó sọ̀kalẹ̀, kí ẹ bá ilé ní òfìfo, kí àríyànjiyàn tán. Mo mọ ohun tí a jọ ṣàdéhùn. Mo ṣe é bẹ́ẹ̀ náà.

Páálí méjìlá ni mo dì. Àwo, àwòrán, irinṣẹ́ yín, aṣọ yín. Àga yín ni mo ti sí ẹ̀yìnkùlé kí télọ̀ lè gbé e. Ó kù yàrá Màmá. Mo wọlé, mo di ọwọ́ kọ́bọ́ọ̀dù mú, mi ò lè fà á. Bàbá, ilẹ̀kùn lásán ni. Èmi tí mo máa ń pa ojú òkú dé níbi iṣẹ́. Láti ọjọ́ Ajé, mo ń lọ, mo ń bọ̀, mo ń jókòó sílẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Ẹ rántí pé ìwé ìgbélùú mi ò tíì jáde nígbà tí wọ́n sin Màmá, orí fóònù ni mo ti ń wo ìsìnkú náà. Télọ̀ ló bá mi gbé e dání. Wọ́n gbé pósí dé etí ihò, àwòrán dúró. Ojú yín ló wà níbẹ̀, ẹnu yín là sílẹ̀, ẹ̀ ń sọ nǹkan kan, mi ò gbọ́ ọ. Mo wò ó bẹ́ẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú. Ìgbà tó padà, ilẹ̀ ti tẹ́, àwọn èèyàn ti ń lọ. Mo wọ aṣọ iṣẹ́, mo lọ síbi iṣẹ́. Mi ò bi yín rí. Nínú orí mi, etí ihò yẹn náà ni Màmá ṣì wà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá bọ́ọ̀sì sọ̀kalẹ̀ lọ́la. Ìsinmi mi parí lọ́jọ́ Ajé. Mi ò lè dá wà nínú ilé yìí.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹfà

Ọmọ mi,

Mo kí ọ káàbọ̀ sí ilé rẹ.

Awakọ̀ ń dúró de lẹ́tà yìí. Ó ní àyè wà nínú bọ́ọ̀sì. Mi ò ní wọ̀ ọ́. Ó rọrùn láti purọ́ pé nítorí orin ọ̀la ni. Òótọ́ ni pé bí mo bá lọ, dùùrù ò ní dún. Ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ nìdí rẹ̀. Màá dé ní Sátidé. Má gun òkè wá bá mi.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí àwòrán dúró nìyí. Mo ń sọ̀rọ̀ lóòótọ́. Mo ń sọ pé, "Ẹ gbé e padà." Gbogbo wọn rò pé ìbànújẹ́ ni, télọ̀ fẹ́ dì mí mú. Okùn apá orí ló yọ̀, pósí fẹ́ fi orí lélẹ̀. Ọwọ́ mi ni mo fi kan pósí náà, mi ò fẹ́ kí igun rẹ̀ họ. Wọ́n gbé e padà, mo tún okùn dì, ó wá sọ̀kalẹ̀ ní gbọọrọ, kò kan ògiri ihò níbì kankan. Wọ́n ní kí n da erùpẹ̀ àkọ́kọ́. Òkúta kékeré wà nínú rẹ̀, ó dún lórí pákó. Ọ̀kan nínú àwọn agbẹ́lẹ̀ ní kí n sún, pé mo tẹ okùn wọn mọ́lẹ̀. Mo sún.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wa erùpẹ̀. Mo ń ka ṣọ́bìrì wọn, nítorí mi ò mọ ohun tí mo lè fi ojú mi ṣe. Igba àti mẹ́rìnlá. Oòrùn mú. Kò sí ohun ìyanu kankan. Kò sí orin, nítorí ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ ti wà nísàlẹ̀, ẹni tó ń fún un ní afẹ́fẹ́ sì ń ka ṣọ́bìrì. Wọ́n fi ẹ̀yìn ṣọ́bìrì gbá a títí ó fi tẹ́. Mo lọ sílé. Mo jẹun. Ó ti parí, ọmọ mi. Kò sí ní etí ihò. Ó ti dé ìsàlẹ̀, ó sì dé ibẹ̀ dáadáa.

O ní kí n lè sunkún lo ṣe rán mi wá síbí. Mo ti sunkún. Ọjọ́ kẹsàn-án tí a sin ín, mo wọ yàrá yẹn, mi ò jáde fún ọjọ́ mẹ́ta. Mi ò pè ọ́ sórí fóònù kí o wá gbọ́ ọ, nítorí pé iṣẹ́ ni mo rò pé o wà. Àṣé ibẹ̀ náà lo wà lóòótọ́. Ìwọ ló kù tí kò tíì sunkún, ìdí nìyẹn tí mi ò fi ní wọ bọ́ọ̀sì. Bí mo bá wà nílé, èmi lo máa máa tọ́jú. Wàá wọn ẹ̀jẹ̀ ríru mi. Wàá se ọbẹ̀. Akọ̀wé ti dá bírò dúró lẹ́ẹ̀mejì, mo ní kó máa kọ.

Mi ò ní tẹ àtàǹpàkò sí ìwé rẹ. Sátidé ni ọ̀sẹ̀ mẹ́rin pé. Tú ẹrù mi kúrò nínú páálí, kí o sì gbé àga mi wọlé kí òjò tó bà á jẹ́.

Lẹ́yìn náà, padà sínú yàrá. Ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù náà le díẹ̀ nísàlẹ̀, èmi ni mo kàn án bẹ́ẹ̀. Gbé e sókè díẹ̀ kí o tó fà á. Gbogbo aṣọ rẹ̀ ló wà níbẹ̀, mi ò fún ẹnikẹ́ni ní ọ̀kankan. Wọ èyí tó bá gbà ọ́.

Bàbá rẹ.